Ọkọ̀ Àgbà àti Àtúnṣe Olówó Ńlá: Èwo Ló Lè Dúró, Èwo Ni Kò Gbọdọ̀ Dúró?

Bí ẹ bá ń gbé Ìkòròdú, tí ọkọ̀ yín sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mẹkáníìkì yóò nu ọwọ́ sí àkísà, tí yóò wá dá iye kan tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Jíà ni o. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Ráàkì sítíárì ni. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀, owó ilé ń kanlẹ̀kùn, ọkọ̀ náà sì ṣì ń rìn. Ẹ ó wá bi ara yín pé: ṣé mi ò lè máa wà á báyìí ná?

Nígbà mìíràn, ẹ lè máa wà á. Nígbà mìíràn, kò yẹ kí ẹ fi dé Ògólóńtò tó wà nínú Ìkòròdú níbí pàápàá. Iye owó kọ́ ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ìbéèrè méjì ló máa sọ ọ́: bí nǹkan náà bá kọṣẹ́ lórí eré, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀? Àti pé, bí a ṣe ń dá a dúró yìí, kí ló ń bà jẹ́ sí i lójoojúmọ́? Mo ti rí ọkọ̀ gidi tó di èyí tí wọ́n ń tú tà nítorí họ́ọ̀sì rédíétọ̀ kan tó ń jò. Mo sì ti rí ẹni tó yá owó èlé tún nǹkan tó lè dúró títí di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì ló dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó ń ṣe é gan-an

Ẹ má tíì ronú owó. Ọ̀pọ̀ iye tí wọ́n ń dá fún wa, orí ìméfò ló jókòó lé. Ọkọ̀ tó ń gbóná lè jẹ́ fáànù tí kò yí mọ́, ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti kú, tẹmosítáàtì (ìlẹ̀kùn omi ẹ́ńjìnnì) tó dì pa, wọ́tà pọ́ńpù tó ń jò, tàbí rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí. Gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Tí mẹkáníìkì bá ti dárúkọ iṣẹ́ ńlá, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, kí lẹ rí tí ẹ fi sọ pé òun ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí." Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ẹ̀rí máa ń wà. Omi á máa dínkù láìsí ibi tó ń jò sí. Afẹ́fẹ́ á máa ru jáde nínú omi rédíétọ̀ bí wọ́n bá jí ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù. Èéfín funfun tó ki á máa jáde ní sàlẹ́ńsà kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán. Bó bá ti burú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. (Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná o. Omi gbígbóná yẹn máa ń fò síni lójú.)

Nọ́ńbà tí scanner, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, bá gbé jáde náà kì í ṣe ìdájọ́. P0420, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé catalyst, èyí tó ń fọ èéfín mọ́ lọ́nà sàlẹ́ńsà, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ tó ti rẹ̀ tàbí sàlẹ́ńsà tó ń jò lè mú nọ́ńbà kan náà wá. Ẹni tó bá kàn ka nọ́ńbà tó sì ní kí ẹ lọ ra catalyst, kò tíì ṣe àyẹ̀wò fún yín.

Jíà ọtomátíìkì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín wò, nítorí òun ni wọ́n máa ń yá láti ní ká pààrọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí tó fi gbóná dáadáa, kí ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú. Bó bá jẹ́ Toyota tó ní ọ̀pá ìwọ̀n, ẹ fi í sí P, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ Honda, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yọ ọ̀pá náà. Ẹ nù ún mọ́, ẹ tì í wọlé padà, ẹ tún yọ ọ́, kí ẹ wá kán díẹ̀ lára rẹ̀ sórí tíṣù funfun. Ọ́ìlì jíà tó ṣì dára máa ń pupa, ó sì máa ń mọ́. Bó bá ti ń ṣú bọ̀, ó tó àsìkò láti pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú irú èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá náà tàbí sínú ìwé ọkọ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà sì wà nínú rẹ̀, inú jíà náà ti ń jẹ lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ọ́ìlì kàn wálẹ̀ ju àmì lọ ni, ẹ wá ibi tó ń jò sí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé jíà ti kú. Jíà tí ọ́ìlì rẹ̀ kò tó máa ń yọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mú, gẹ́gẹ́ bí jíà tó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò mọ ẹni àkọ́kọ́ rí, kí ẹ má sì sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí. Iṣẹ́ jíà, ẹni tó ń ṣe jíà ni kí ẹ gbé e fún. Iṣẹ́ iná, réwáyà. Kí ẹ sì sanwó àyẹ̀wò fún un, kó má bàa jẹ́ pé àfi tó bá rí iṣẹ́ ńlá nìkan ni yóò fi rí nǹkan mú lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wò ó bóyá ó lè dúró

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú: bíréèkì, sítíárì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ọkọ̀), bíárínì ẹsẹ̀ ọkọ̀, táyà, àti bẹtiróòlù tó ń jò. Ohun tó ń tan àwa ọlọ́kọ̀ jẹ nípa àwọn wọ̀nyí ni pé wọn kì í dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ á máa jí lówùúrọ̀, á máa lọ, títí di ìgbà tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì á yọ, tí ẹsẹ̀ iwájú á sì wó sábẹ́ ọkọ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12, ọpẹ́ ni. Ẹ wo bó ṣe máa rí lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù lálẹ́, tí tírélà wà lẹ́yìn yín.

Ẹ yọjú wo pádì bíréèkì láàárín ihò ríìmù. Bí èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ bá ti tó mìlímítà mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá ti ń dún bí irin tó ń họ irin, ó ti pẹ́ jù, dísìkì ló ń jẹ báyìí. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì lọ sílẹ̀ lórí bíréèkì, tàbí tí omi bíréèkì ń dínkù, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde. Iná ABS nìkan, ní tirẹ̀, kò túmọ̀ sí pé bíréèkì ti lọ. Bíréèkì lásán ṣì wà, ohun tí kò sí mọ́ ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dì pa nígbà tí ilẹ̀ bá ń yọ̀. Ẹ lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì dín eré kù bí òjò bá ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná pupa bíréèkì bá bá a tàn pọ̀, ẹ dúró.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti tó ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Èyí kàn wá gidi, nítorí púpọ̀ nínú wa tòkunbọ̀ là ń rà, wọ́n á sì ti fi nǹkan pa á lára tí á máa dán.

Ìpín kejì ni àwọn tó lè dúró díẹ̀ ṣùgbọ́n tí èlé ń gorí wọn. Gbígbóná ni olórí wọn. Ọ̀nà wa láti Ìkòròdú dé Kẹ́tu ń fi ẹ́ńjìnnì jẹ ìyà: ọkọ̀ dúró gbọnin, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ wọlé níwájú, fáànù nìkan ló ń dá a ṣe. Bí ọwọ́ tẹ́ńpírééṣọ̀ bá ti kọjá ibi tó máa ń wà, ẹ pa AC, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Bó bá gbóná kọjá ààlà, ó máa ń tẹ̀, kò sì ní bo gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún èyí láti ṣẹlẹ̀. Họ́ọ̀sì tí ẹ kò pààrọ̀ lónìí lè di iṣẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́la, kó sì di ẹ́ńjìnnì tuntun lọ́tùúnla.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: yíyọ tẹmosítáàtì dànù, tí wọ́n máa ń ṣe fún wa, kò wo gbígbóná sàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi bọ́ọ̀hò lásán kò lè rọ́pò kúláǹtì. Kúláǹtì kì í jẹ́ kí inú rédíétọ̀ dípẹtà, ooru tí ó sì lè gbà kó tó hó ju ti omi lásán lọ. Àtúnṣe tó kéré jù fún ọkọ̀ àgbà nìyẹn, òun la sì ń gbàgbé jù.

Timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì ẹ́ńjìnnì rìn pọ̀, náà wà níbí. Camry "Pencil" oní-2.2 ń lo belt. Bó bá já, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ọ̀nà, àmọ́ fáàfù kì í sábà bá písítìnì pàdé. Accord oní-V6 ń lo belt bákan náà, ti òun bá já, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Camry "Big Daddy" oní-2.4 àti Accord "End of Discussion" oní-sìlíńdà mẹ́rin, ṣéènì ni wọ́n ní. Ẹ béèrè èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó sọ pé ó lè dúró. Bí iná check engine bá sì ń ṣẹ́jú, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ẹ rọra máa lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà nítòsí jù, nítorí epo tí kò jó ń lọ jó catalyst ní ìsàlẹ̀. Plọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì lásán lè jẹ́ gbogbo ohun tó fà á.

Èyí tó lè dúró kò gba àlàyé púpọ̀: AC, ọ̀dà, wíńdò tí kò gòkè, ọ́ìlì tó kàn ń mí jáde díẹ̀ tí kò kán sórí sàlẹ́ńsà, iná check engine tó dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ catalyst. Kìkì pé bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC bá ń dún, ẹ ní kí wọ́n yẹ bíárínì rẹ̀ wò. Bó bá dì, ó lè já bẹ́líìtì tó ń yí ọtanétọ̀ tó ń fún bátìrì ní iná.

Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì náà lè dúró pẹ́, bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Àwọn Camry "Muscle" oní-2.4 ti ọdún 2007 sí 2009 gbajúmọ̀ fún un, débi pé Toyota ṣe ètò àtúnṣe fún wọn ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń pa irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni àìwo ọ̀pá ọ́ìlì. Ẹ máa yọ ọ́ wò ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó jí ọkọ̀, kí ẹ kọ iye tí ẹ bù sí i. Bí lítà kan tó máa ń lò oṣù méjì bá wá ń tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe ìṣirò náà sórí ìwé

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bí àtúnṣe bá ti ń lọ tó ìdajì owó ọkọ̀, ká tà á. Mi ò fara mọ́ ọn mọ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, àti oṣù tó tẹ̀lé e tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, owó tòkunbọ̀ ti fò kọjá ohun tí owó oṣù lè lé bá. Iye tí ẹ máa rí bí ẹ bá ta ọkọ̀ yín kò ní ra irú rẹ̀ padà.

Iye mẹ́ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀: iye tí ọkọ̀ náà máa tà báyìí pẹ̀lú àrùn rẹ̀, iye tó máa tà bí ẹ bá tún un ṣe, àti iye tí ẹ máa fi ra òmíràn, pẹ̀lú owó ìwé, owó alárinà, táyà, àti àtúnṣe àkọ́kọ́ tí gbogbo ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń béèrè.

Ká sọ pé olùkọ́ kan ní Ìgbógbó ní Big Daddy tí jíà rẹ̀ ń yọ̀. Báyìí, wọ́n ń pè é ní ₦2,200,000. Bó bá tún un ṣe, á tó ₦3,200,000. Iṣẹ́ jíà náà, ₦720,000. Òmíràn tó fara jọ ọ́, ₦5,000,000. (Àpẹẹrẹ ni o, ẹ fi iye tiyín rọ́pò.) Bó bá tà á, ₦2,800,000 ló gbọ́dọ̀ wá sí i, láti ra ọkọ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Bó bá tún un ṣe tó sì lò ó ọdún kan ààbọ̀, ₦40,000 lóṣù ni jíà yẹn jẹ́. Kó wá gbé iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́tò tí òun àti àwọn ọmọ á máa san. Ó ṣeé ṣe kí àtúnṣe náà jàre.

Àmọ́ kò gbọdọ̀ ka jíà nìkan. Bí ríìǹgì ẹ́ńjìnnì náà bá ti ń lọ, tí ráàkì sítíárì ń jò, tí ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ ọkọ̀ débi pé ìka ń wọlé, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀ fún ọdún kan ààbọ̀ yẹn. Ìgbà náà ni ẹ máa mọ̀ bóyá ó ṣì yẹ kí ẹ tún ọkọ̀ náà ṣe. Ìpẹtà abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo máa wò ṣáájú ohunkóhun, pàápàá lára ọkọ̀ tí omíyalé ti bá rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wò ó bóyá iye náà lè wálẹ̀

Ẹ béèrè bóyá a lè pín iṣẹ́ náà. Jíà tí ọ́ìlì rẹ̀ kò tíì jóná, ẹ lè kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà àti sólénọ́ìdì rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ní ìdà kejì, àwọn iṣẹ́ kan wà tó yẹ ká dúró dè kí wọ́n jọ lọ: bí ẹ bá máa tú timing belt, ẹ pààrọ̀ wọ́tà pọ́ńpù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí jíà bá máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Owó iṣẹ́ kan náà ni ẹ máa san.

Fún páàtì, Owódé Onírin ló sún mọ́ wa jù, Ládípọ̀ ní Múṣin sì wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye níbi mẹ́ta, kí ẹ tó bá mẹkáníìkì lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín sanwó. Bó bá jẹ́ jíà tàbí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí òǹtajà kọ ọjọ́ ìdánwò sórí rìsíìtì, kí ó sì fi àmì sí páàtì náà, torí láìsí àmì yẹn, ó lè ní òun kọ́ ló tà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá dá a dúró, ẹ fún un ní gbèdéke

Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín: ọjọ́ tí àtúnṣe gbọ́dọ̀ wáyé, àti àmì tó máa fagi lé ìdádúró náà kí ọjọ́ tó pé. Fún jíà tó ń yọ̀, àmì náà lè jẹ́ pé kò mú rìfásì mọ́, tàbí pé ọ́ìlì rẹ̀ ti ń rùn. Fún ọ́ìlì tó ń jò, pé ó ti kán tó àmì ìsàlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí àmì bá hàn, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ dín ẹrù àti ìrìn rẹ̀ kù. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Èkó, ẹ wọ BRT, tàbí kí ẹ gba ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdó, kí ẹ fi ọkọ̀ yín mọ sí ọjà Sábọ̀ àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Owó epo tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi sínú àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó ní orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ máa gbé kúláǹtì, ọ́ìlì, C-caution àti ohun ìpaná sínú búùtù.

Kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà. Ìyàwó tàbí ọkọ yín, ọmọ yín, dẹ́rẹ́bà yín, kálukú gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é, ibi tí ọwọ́ tẹ́ńpírééṣọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, àti pé àṣẹ wà fún wọn láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìwo ti pé wọ́n á pẹ́ níbi tí wọ́n ń lọ. Mo ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ìṣirò tó wà lókè lọ. Bó bá sì jẹ́ títà lẹ ti pinnu, ẹ sọ àrùn rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ẹlòmíràn ló máa kó ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí owó bá pé, ẹ ní kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀, nítorí àrùn oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lè ti di òmíràn. Ẹ san apá kan, ẹ gba páàtì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ fi ojú rí i, kí ẹ wá mú mẹkáníìkì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Máìlì 12 àti padà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán, kí AC wà lẹ́nu iṣẹ́ bó bá ní i. Bí ọwọ́ tẹ́ńpírééṣọ̀ bá dúró síbi tó yẹ, tí jíà ń mú láìta, ẹ san ìyókù.